Orúkọ Àwọn Tí Ilẹ̀ Gbé Mì

Ọ̀rọ̀ òkú ni a mú wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn alààyè ni a fẹ́ kí ó ṣe láǹfààní. Ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà ni, àwọn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ihò ilẹ̀ ní ìdájí kí ẹlòmíràn lè rí iná dá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gòkè wá mọ́.

Ẹ lè bi wá léèrè pé, kí ni ìwé ìdílé ń wá nínú ọ̀rọ̀ kùsà? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Inú kòtò ni ọkùnrin kú sí, ṣùgbọ́n inú ilé ni ikú náà wọ̀ sí. Ìyàwó ni ó di opó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ ni kò rí ẹni san owó ilé ìwé rẹ̀. Ìyá arúgbó ni kò rí ẹni sìn ín. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn ènìyàn kan kó owó jọ láti gbé òkúta ìrántí dúró fún àwọn awakùsà, ẹ má ṣe rò pé òkúta lásán ni wọ́n ń gbé dúró. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí ilẹ̀ Wales, kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

IṢẸ́ INÚ ÒKÙNKÙN

Wales wà ní apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Bìrìtéènì. Ilẹ̀ olókè ni, àfonífojì rẹ̀ sì pọ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, èédú inú ilẹ̀ tí wọ́n ń wà ní apá gúúsù ibẹ̀ lókìkí káàkiri ayé, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń dáná fún ọkọ̀ ojú omi ńláńlá. Bí a bá rí abúlé kan ní àfonífojì wọ̀nyẹn, kùsà ni ó bí i. Baba lọ sí kùsà, ọmọ tẹ̀ lé e, àbúrò ìyá pẹ̀lú kò gbẹ́yìn.

Ewu inú iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan. Gáàsì kan wà tí ó máa ń jáde láti ara èédú, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bí ó bá sì pàdé iná bíńtín, yóò bú gbàmù. Eruku èédú pẹ̀lú wà nílẹ̀. Bí gáàsì bá ti bú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gbé eruku náà dìde, eruku á gbiná, iná á sì máa sáré láti ihò kan dé èkejì. Ẹni tí iná kò bá pa, afẹ́fẹ́ olóró tí iná fi sílẹ̀ ni yóò pa á, nígbà mìíràn lórí ìjókòó, bí ẹni tí oorun gbé lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ń wọlé lọ gba ènìyàn là nígbà náà ṣe máa ń gbé ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kánárì dání. Ẹyẹ náà ni yóò kọ́kọ́ ṣubú bí afẹ́fẹ́ bá ti bàjẹ́, kí àwọn ọkùnrin náà tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n padà sẹ́yìn.

ỌJỌ́ BURÚKÚ NÍ SENGHENYDD

Abúlé kan wà nítòsí ìlú Caerphilly, Senghenydd ni orúkọ rẹ̀. Kùsà kan tí wọ́n ń pè ní Universal ni gbogbo abúlé náà gbójú lé. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1901, kùsà náà bú, ó sì pa ènìyàn 81. Ìjọba ṣe ìwádìí. Àwọn tí ó ṣe é sọ̀rọ̀ nípa eruku èédú, wọ́n ní ó yẹ kí a máa fi omi rin ín. A sin òkú, a nu omijé, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí ó ni kùsà yìí kò wo ẹ̀yìn tó. Ọdún 12 kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1913, nǹkan bí ènìyàn 950 ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí aago mẹ́jọ ti kọjá díẹ̀, ilẹ̀ mì, ariwo ńlá sì jáde láti inú kòtò. Ẹ má gbàgbé pé aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni àwọn ìyá ń múra ọmọ fún ilé ìwé. Ariwo yẹn dé etí wọn nínú ilé ìdáná.

Àwọn tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn kùsà náà rí ọ̀nà jáde. Ní apá ìwọ̀-oòrùn, iná ti dí ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin láti kùsà mìíràn sáré wá, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń bá iná jà, òrùlé ihò sì ń wó lé wọn lórí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n rí ènìyàn 18 láàyè ní apá ibi tí gbogbo ayé ti sọ ìrètí nù. Lẹ́yìn ìyẹn, òkú nìkan ni wọ́n ń rí. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n tán, awakùsà 439 ni ó kú, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn tí ó wọlé lọ láti gba àwọn yòókù là. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 440. Títí di òní, kò sí ìjàǹbá kùsà kan ní Bìrìtéènì tí ó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ó WỌ INÚ ILÉ

Ẹ̀yin ìyá, ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ dé. Obìnrin tí ó ju 200 lọ ni ó di opó. Ọmọ 542 ni kò ní baba mọ́. Nínú àwọn tí ó kú, 60 ni kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ wo irú rẹ̀ nínú ilé yín.

Ilé 12 ni baba àti ọmọ ti kú pọ̀. Ilé mẹ́wàá ni ọmọkùnrin méjì méjì ti lọ. Ọmọbìnrin kan wà, ọmọ ọdún 18 ni, baba rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú, àwọn àbúrò mẹ́fà sì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Òun ni ó di ìyá, òun ni ó di baba. Obìnrin mìíràn pàdánù ọkọ, ọmọkùnrin méjì, arákùnrin rẹ̀ kan, àti àlejò tí ó gba yàrá nínú ilé rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìdájọ́. Òfin ti wà ṣáájú pé ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú kùsà gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí a lè yí padà kíákíá, kí a lè lé èéfín sẹ́yìn bí iná bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fún kùsà yìí ní àfikún àkókò láti ṣe é, síbẹ̀ wọn kò ṣe é tán kí ọjọ́ náà tó dé. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, £24 ni owó ìtanràn tí wọ́n bù fún ọ̀gá kùsà. Nígbà tí wọ́n tún gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n bu £10 fún ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ènìyàn pín £24 náà sí ọ̀nà 440, wọ́n rí i pé ẹ̀mí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan kò ju ṣílè kan àti kọ́bọ̀ kan lé díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá tọ́ ọmọ dàgbà ni yóò mọ bí irú ìṣirò yẹn ti ń dunni tó.

ORÚKỌ, ỌJỌ́ ORÍ, ÀTI ILÉ

Kùsà Universal ti ilẹ̀kùn ní ọdún 1928. Koríko hù sí i. Àwọn opó dàgbà, wọ́n sì kú. Ó di ọdún 1981 kí ilé iṣẹ́ èédú ti ìjọba tó gbé ohun ìrántí kan kalẹ̀ níbẹ̀, àwòrán irin kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń sọ ènìyàn kalẹ̀ sínú kòtò, gíga rẹ̀ tó ogún ẹsẹ̀ bàtà. Iwájú ilé ìwé ọmọdé kan ni wọ́n gbé e sí, nítorí pé orí ilẹ̀ kùsà àtijọ́ náà gan-an ni wọ́n kọ́ ilé ìwé sí. Lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ni àwọn ọmọdé ti ń kọ́ A, B, D báyìí.

Ní ọdún 2006 wọ́n gbé òmíràn dúró fún àwọn tí ó kú ní 1901 àti 1913 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò sinmi. Ẹgbẹ́ kan tí ń tọ́jú ìtàn àfonífojì náà bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jọ, ìjọba Wales sì fi owó tirẹ̀ kún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2013, nígbà tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé, olórí ìjọba Wales nígbà náà, Carwyn Jones, ṣí ohun ìrántí tí ó wà fún gbogbo awakùsà tí ó ti kú ní ilẹ̀ Wales. Ère idẹ ni, Les Johnson ni ó ṣe é: ọkùnrin kan tí ó wọlé wá gba ènìyàn là, ó ń gbé awakùsà tí ó farapa dìde. Ọgbà tí wọ́n mọ ògiri yí ká wà níbẹ̀, àwo amọ̀ pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan sì wà fún òkú kọ̀ọ̀kan.

Àwa Mùsùlùmí kì í fi ère ṣe ìrántí, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́ ohun tí ó wà lára ògiri. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò lè sọ pé "àwọn 440" mọ́. Yóò sọ pé lágbájá, ọmọ lágbájá. Ìṣirò máa ń jẹ́ kí ènìyàn pọ̀ débi pé ojú ẹnì kan ṣoṣo kò hàn mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ máa ń dá ojú ẹni padà fún un. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ilé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá pa orúkọ rẹ́, ilé ni ó pa rẹ́.

OWÓ ỌMỌ ÀWỌN ÈNÌYÀN

Kò jìnnà sí Senghenydd ni Aberfan wà. Ní ibẹ̀, kì í ṣe inú kòtò ni àwọn tí ó kú kú sí. Orí òkè tí ó wà lókè abúlé ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí kùsà jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì da ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà lé orí ìsun omi. Àwọn ará abúlé ti ń kùn, wọ́n ti kọ̀wé pé ẹ̀rù òkìtì yìí ń ba àwọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, lẹ́yìn òjò púpọ̀, òkìtì náà yọ̀, ó sì ya lu ilé ìwé ọmọdé Pantglas ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọdé 116 àti àgbàlagbà 28 ni ó kú. Ìgbà tí ó bá di ọ̀sán ọjọ́ náà ni ó yẹ kí àwọn ọmọ gba ìsinmi.

Ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ìwádìí sọ gbangba pé ilé iṣẹ́ èédú ìjọba ni ó jẹ̀bi. Síbẹ̀ a kò lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a kò sì pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àánú ṣe gbogbo ayé, wọ́n fi owó ránṣẹ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 750 pọ́n-ùn ni ó wọlé. Ẹ wo ohun tí ó wá ṣẹlẹ̀: òkìtì mìíràn ṣì wà lókè orí àwọn òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kó o kúrò. Ìjọba gbà láti kó o, ṣùgbọ́n wọ́n mú £150,000 nínú owó àánú náà láti fi ṣe é. Owó tí a fi tu àwọn òbí nínú ni wọ́n fi kó ìdọ̀tí ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ẹ̀sìn wa ti kìlọ̀ tó nípa owó ọmọ òrukàn àti ohun tí a fi síni lọ́wọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó mọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Aberfan kò gbàgbé. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́dọọdún. Ní 1997 ìjọba dá £150,000 náà padà láìsí èlé kankan lórí rẹ̀. Ní 2007 ìjọba Wales fún àwọn tí ń tọ́jú ohun ìrántí ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ pọ́n-ùn. Lónìí, ọgbà òdòdó wà ní ibi tí ilé ìwé náà wà tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà funfun roboto sì tò lọ lórí sàréè àwọn ọmọ náà létí òkè. Ìrántí ni ó mú kí owó padà. Ká ní wọ́n ti dákẹ́, ta ni ìbá dá a padà?

LÁTI BELGIUM DÉ TURKEY

Ohun tí àwọn ará Wales ṣe, ẹlòmíràn ṣe é ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní Marcinelle, ilẹ̀ Belgium, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1956, ènìyàn 262 kú nínú kùsà Bois du Cazier. Orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n ti wá, 136 nínú wọn sì jẹ́ ará Ítálì tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ. Wọn kò jẹ́ kí a wó kùsà náà. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìtàn, ọjọ́ náà sì ti di ọjọ́ tí gbogbo Ítálì fi ń rántí àwọn ọmọ wọn tí ó ṣiṣẹ́ kú sí òkèèrè.

Ní Coalbrook, ilẹ̀ South Africa, ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1960, òrùlé kùsà wó mọ́ awakùsà 435 lórí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú. A kò rí òkú wọn gbé jáde rárá, inú ilẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, tí kò sí sàréè tí ìyàwó lè lọ dúró tì kí ó ṣe àdúà, ibi tí a kọ orúkọ sí nìkan ni ó kù.

Ní Soma, ilẹ̀ Turkey, àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wa ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, iná àti afẹ́fẹ́ olóró pa awakùsà 301. Wọ́n gbẹ́ sàréè ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n kí jànásà sí wọn lára, gbogbo orílẹ̀-èdè náà ṣọ̀fọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta. Ṣàhídì ni àwọn ará Turkey ń pe awakùsà tí ó kú sẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ ọlá ni, ó sì tọ́ sí ẹni tí ó kú níbi tí ó ti ń wá hàláàlì fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí wọn kò jẹ́ kí orúkọ ọlá náà di aṣọ tí a fi bo ẹ̀bi mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán àwọn òkú dání lọ sí ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2018, ilé ẹjọ́ rán àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá kùsà lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìjọba Turkey sì ti gba àdéhùn àgbáyé lórí ààbò kùsà wọlé ní 2015, ọdún kan lẹ́yìn ikú wọn. Kádàrà wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun, a gbà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tún òrùlé ṣe kò gbọdọ̀ fi kádàrà ṣe ibi ìsápamọ́.

NÍ ILÉ TIWA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Èédú Enugu ni ó gbé ọkọ̀ ojú irin wa rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn yìnbọn sí àwọn awakùsà ní Iva Valley níbẹ̀, wọ́n sì pa ènìyàn 21. Kì í ṣe ilẹ̀ ni ó gbé àwọn yẹn mì, ọwọ́ ènìyàn ni. Ikú wọn wà lára ohun tí ó mú kí ọmọ Nàìjíríà, láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, pa ohùn pọ̀ bá ìjọba náà wí.

Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ènìyàn ń wa góòlù ní abúlé. Wọ́n ń gbé òkúta náà wálé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà lọ̀ ọ́, inú agbo ilé ni àwọn obìnrin àti ọmọ ti ń bá wọn fọ́ ọ. Òjé wà nínú òkúta náà, wọn kò mọ̀. Eruku rẹ̀ bà sórí ẹní, sínú ìkòkò, sára ọwọ́ ọmọ tí ń rákò. Ọmọdé tí ó ju 400 lọ ni ó kú, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kí àwọn dókítà ilẹ̀ òkèèrè tó dé, àwọn ìyá rò pé ibà ni. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ẹni mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ 400 wọ̀nyẹn?

Títí di òní, àwọn ọmọkùnrin wa ṣì ń gbẹ́ ilẹ̀ wá góòlù àti òkúta olówó iyebíye, ọ̀pọ̀ láìní ìwé àṣẹ, láìní fìlà irin, láìní igi tí ó gbé òrùlé ihò dúró. Bí ilẹ̀ bá ya lù wọ́n, a máa ń gbọ́ pé "àwọn kan kú," ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Kì í ṣe gbogbo wa ni ó lè gbé òkúta ńlá dúró, a kò sì sọ pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ikú yìí bá ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ wá ẹni tí ó mọ̀wé, kí ó kọ orúkọ òkú, ọjọ́ orí rẹ̀, ilé rẹ̀, ọjọ́ tí ó kú, àti ohun tí ó pa á. Ẹ fi ìwé náà sí mọ́ṣáláṣí tàbí sọ́wọ́ baálẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà bá yí po, ẹ ka orúkọ wọn, ẹ ṣe àdúà fún wọn, ẹ ṣe sààrà ní orúkọ wọn. Bí owó àánú bá wọlé fún opó àti òrukàn, ẹ yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa ṣírò rẹ̀ ní gbangba, kí opó kan sì wà nínú wọn.

Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé òun ti rí iṣẹ́ kùsà, ẹ má kàn bi í pé èló ni wọn ó san. Ẹ bi í pé, ta ni ó ni kòtò náà? Kí ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró? Ọ̀nà mélòó ni ó jáde? Bí ó bá sì gbé òkúta wálé, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú agbo ilé. Ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn orúkọ ara ògiri Senghenydd ń bi gbogbo ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ sì ń kà wọ́n.

Kí Ọlọ́hun ṣíjú àánú wo gbogbo àwọn tí ó kú níbi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́, kí Ó sì bá wa ṣọ́ àwọn tí yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Àmín.